Fèrèsé Tí Kò Gbọ́ Ti Ìka

Ọmọ mi ń fi ìka fa gíláàsì fèrèsé,
láti ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún.
Ó fẹ́ kí òjò kọjá, kí nǹkan mìíràn wọlé.
Òjò kò kọjá.
Òjò Klaksvík kì í gbọ́ ti ìka ẹnikẹ́ni.
Ó yíjú sí mi,
àfi bí ẹni pé èmi ni mo ba ojú ọ̀run jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Bárður.
Bàbá rẹ̀ ń pẹja lọ́nà Gírínláǹdì,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé,
ohùn rẹ̀ a máa gba inú fóònù wá ní gígé-gígé.
Èmi ń la ẹja ní ilé iṣẹ́ etí omi.
Tí mo bá dé, ọwọ́ mi a máa rùn, ẹ̀yìn a máa ro mí,
abọ́ wà nílẹ̀, aṣọ wà nínú omi,
ọmọ ń ké.
Mo gbé wàláà oníná lé e lọ́wọ́.
Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.
Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìdákẹ́ yẹn.
Mo mu kọfí mi tán nígbà tó ṣì gbóná.

Sunnvá, nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé,
tẹ́ àwòrán sórí tábìlì:
àgùntàn, ìbọ̀wọ́, ọkọ̀ ojú omi, ṣíbí.
“Kí lèyí, Bárður?”
Ọmọ mi fi ìka tẹ àgùntàn náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró kó ké.
Àgùntàn inú bébà kò ké.
Ló bá ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá
ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé wa,
ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ohùn ẹni tó ń polówó ọṣẹ.
Nọ́ọ̀sì kò bá mi wí.
Ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé, ó kọ ọ́ pẹ́,
ó wá bi mí pé ọ̀rọ̀ mélòó ni mò ń bá a sọ lójúmọ́.
Mo ka èyí tí mo rántí:
Wá. Jẹun. Ó tó. Sùn.
Mo wá òmíràn. N kò rí.

Ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ etí;
etí tí kò bá yó, ahọ́n ni ebi rẹ̀ ń pa.

Bàbá mi, Hanus, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un.
Ó ní nígbà tiwọn, rédíò ni.
Bí ìròyìn ojú ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀,
ọmọ tó bá lanu, ìgbátí ni.

Ìjì já iná wa fún òru méjì.
Wàláà kú. Bárður ké títí ó fi bì.
Lóru kejì, lẹ́bàá àbẹ́là,
bàbá mi ń fi ọ̀bẹ gé ẹran gbígbẹ,
ó ń bá ọ̀bẹ sọ̀rọ̀, ó ń bú u pé ó kú.
Ọmọ mi sún mọ́ ọn.
Ó ń wo ẹnu rẹ̀,
bí mo ṣe máa ń rí i tó ń wo iná.

Ní oṣù kẹta, àwọn ẹyẹ tjaldur dé láti òkè òkun,
dúdú, funfun, ẹnu pupa bí ata.
Bárður wà léjìká bàbá mi.
Ó na ìka sí ọ̀kan, ó fà á sí òsì.
Ẹyẹ náà fò lọ sí òsì.
Ọmọ mi kígbe ayọ̀: ó rò pé òun ló ṣe é.
N kò já a nírọ́.
“Tjaldur,” ni bàbá mi wí.
Ó sinmi, ó tún un wí.
“Tja,” ni Bárður wí.
Ìdajì ẹyẹ. Ìyẹ́ kan péré.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún gbé wàláà fún un.
Abọ́ ṣì wà nílẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo ń nàka:
Kí lèyí? Kí ló ń ṣe?
Kò dá mi lóhùn.
Mo tún bi í.
Kọfí mi tutù.